Àfikún 50 lóṣooṣù lórí gbèsè ilé 100,000: ṣé ó tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan?

Ìyàwó Onílé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń fa awuyewuye láàárín èmi àti bàálé mi, mo ní kí n gbé e wá síwájú ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa owó.

A yá owó ra ilé. Ojú owó tí a yá jẹ́ 100,000 (mi ò dárúkọ irú owó, kí oníkálukú fi ti ibi tó wà sí i, ìṣirò kan náà ni). Èlé rẹ̀ jẹ́ 5% lọ́dún, ọdún 25 la máa fi san án, 584.59 sì ni báǹkì ń yọ lóṣooṣù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí mo ro gbogbo ìnáwó wa pọ̀, mo rí i pé a lè máa fi 50 lé e lóṣooṣù láìní wá lára. Bàálé mi fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni 50 fẹ́ ṣe lára 100,000? Ó ní ẹni tó bá fẹ́ tètè bọ́ lọ́wọ́ mọ́géèjì, kó lọ kó owó ńlá jọ, kó dà á lé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi fi nọ́ńbà tì í lẹ́yìn, torí bàálé mi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èdè àwọn oníbáǹkì fún mi.

Oníṣirò

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Nọ́ńbà ló ń bọ̀ yìí, kí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin fara balẹ̀ kà á.

584.59 lóṣooṣù fún ọdún 25 jẹ́ nǹkan bíi 175,377. Ẹ yọ 100,000 tí ẹ yá kúrò, 75,377 tó kù, èlé ni gbogbo rẹ̀. Ẹ máa san ilé kan àti nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilé mìíràn.

Ní oṣù àkọ́kọ́, báǹkì á kọ́kọ́ mú èlé tirẹ̀. Wọ́n á pín 5% sí ọ̀nà 12, wọ́n á ṣírò rẹ̀ lórí 100,000, ó máa jẹ́ 416.67. Èyí tó ṣẹ́ kù fún ojú owó jẹ́ 167.92. Nínú gbogbo owó tí ẹ fi làágùn wá, ohun tó dín gbèsè kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ibẹ̀ gan-an ni 50 yín ti wúlò. Wọ́n ti mú èlé oṣù náà lára 584.59, kò sí èlé kankan mọ́ tí wọ́n máa bù lára 50. Orí ojú owó ló bọ́ sí pátá. 167.92 di 217.92. Owó tó jáde lápò yín fi ohun tí kò tó 9% pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó tó ń gé gbèsè fi nǹkan bíi 30% pọ̀ sí i. Ní oṣù kejì, èlé á kéré díẹ̀ torí ojú owó ti kéré, ojú owó á wá rí díẹ̀ sí i gbà, bó ṣe máa ń lọ nìyẹn títí dé òpin.

Tí ẹ bá ń fi 50 kún un láti oṣù àkọ́kọ́, gbèsè á parí ní nǹkan bí oṣù 257 dípò 300. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méje lẹ fi yọ síwájú, èlé tí ẹ kò sì ní san mọ́ lé ní 12,000.

Tó bá jẹ́ 20 péré lẹ lágbára rẹ̀, oṣù 19 ni ẹ máa yọ, èlé tí ó sì máa kù sápò yín jẹ́ nǹkan bíi 5,470. Tó bá jẹ́ 100, ọdún mẹ́fà àti oṣù méjì, èlé bíi 20,900.

Ẹ tún wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. 100 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún 20, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò tó ìlọ́po mẹ́rin. Owó kékeré tó kọ́kọ́ wọlé ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí òun ló ń bá gbèsè náà gbé pẹ́ jù. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, gbèsè tó ti kúrú ló bá.

Ẹlẹ́nu Ṣọ́bọlọ̀

Ọkọ Ìyàwó Onílé, níbo lẹ wà? Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà o! 😂

Bàbá Ìbejì

Mo kí gbogbo yín. Ìṣirò Oníṣirò péye, mi ò ní jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa da owó sórí gbèsè ilé, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè kan: gbèsè mìíràn wà ńlẹ̀ bí?

Ẹni tó jẹ gbèsè lórí káàdì báǹkì tí èlé rẹ̀ jẹ́ 20%, tó wá ń fi 50 san mọ́géèjì tí èlé rẹ̀ jẹ́ 5%, ẹran tó tóbi ló fi sílẹ̀ tó ń lé eku. Lọ́dún kan, 50 tó bá fi san gbèsè káàdì máa gbà á lọ́wọ́ èlé 10. Tó bá gbé 50 yẹn sórí gbèsè ilé, 2.50 ni. Ẹ kọ́kọ́ pa gbèsè tó ń jẹni jù.

Èkejì, owó pàjáwìrì. Owó tó bá ti wọ inú ilé kì í tètè jáde. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kò lè lọ sọ fún báǹkì pé ẹ ti san 3,000 kọjá ohun tó yẹ, kí wọ́n dá a padà. Àwọn àdéhùn kan gbà kí èèyàn fa àfikún rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò gbà. Ohun tí ilé máa ná fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Lẹ́yìn náà lẹ tó lè máa sọ̀rọ̀ àfikún.

Ẹ̀kẹta, bí agbanisíṣẹ́ yín bá ní òun á fi 50 kún gbogbo 50 tí ẹ bá fi sínú owó ìfẹ̀yìntì, tí ẹ wá fi èyí sílẹ̀ nítorí gbèsè tí èlé rẹ̀ jẹ́ 5%, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Má-Jẹ-Gbèsè

@Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, sà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ti sọ pé òun fẹ́ san gbèsè ilé kíákíá, àwọn kan á dìde pé kó lọ fi owó náà dókòwò, pé yóò jèrè ju 5% lọ. Bóyá ni. Ìdókòwò lè gòkè, ó lè wálẹ̀. 5% tí èèyàn kò ní san mọ́, ó dájú, kò sí ọjà tó lè wó o. Tó bá sì jẹ́ owó ìpamọ́ ní báǹkì lẹ fẹ́ fi wé e, ẹ kọ́kọ́ yọ owó orí kúrò lára èlé tí wọ́n ń san fún yín kí ẹ tó fi wé 5%. Bí ohun tó kù bá ju 5% lọ, ẹ fi owó síbẹ̀. Bí kò bá tó o, gbèsè ni kí ẹ san.

Ìyẹn nìkan kọ́. Mélòó nínú wa ló ń fi 50 náà dókòwò lóòótọ́ lóṣooṣù? A máa ń sọ ọ́ ni. Owó tí a kò fi síbì kankan, ọjà ló ń gbé e lọ.

Ọ̀gá Àkáǹtì

Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yáni lówó ra ilé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà.

Kì í ṣe gbogbo àfikún ló ń lọ sórí ojú owó fúnra rẹ̀. Bí 50 bá dé láìsí àlàyé, ẹ̀rọ báǹkì lè kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀ tí ẹ tètè san. Ó wà ńlẹ̀ nínú àkáǹtì, kò dín gbèsè kù, èlé ń lọ bó ṣe ń lọ. Oṣù tó kàn á dé, wọ́n á sọ pé ó ku 534.59. Inú ẹni náà á dùn pé àfikún òun ń ṣiṣẹ́, kò sì ṣe nǹkan kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ wo ìwé ìṣirò àkáǹtì yín lẹ́yìn àfikún àkọ́kọ́. Pẹ̀lú nọ́ńbà Ìyàwó Onílé, ojú owó gbọ́dọ̀ já sí 99,782.08. Bí ẹ bá rí 99,832.08, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, torí 50 yín kò dé ibi tí ẹ rán an. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn, kì í ṣe ẹnu lásán, pé gbogbo ohun tó bá lé lórí owó oṣù, kí wọ́n fi dín ojú owó kù, kí iye oṣù sì dín kù pẹ̀lú. Ìdajì tó kẹ́yìn yẹn ṣe kókó. Ẹ tún bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n máa ń ṣírò èlé. Àwọn kan ń ṣe é lójoojúmọ́, àwọn kan lóṣooṣù. Mo ti rí àdéhùn àtijọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí owó oṣù yín bá wọlé ni kí ẹ ti fi 50 ránṣẹ́, ẹ má dúró dé ìparí oṣù. Níbi tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí owó ti wọlé kó tó di ọjọ́ ìṣirò yẹn.

Irú ẹ̀yáwó kan tún wà tí wọ́n ti ṣírò gbogbo èlé rẹ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, lórí gbogbo owó tí ẹ yá, bí ẹni pé ẹ kò ní dín kọ́bọ̀ kù títí dé òpin. Lórí irú èyí, àfikún lè má dín èlé kankan kù, àfi tí àdéhùn bá sọ pé wọ́n á dá díẹ̀ padà fún ẹni tó tètè san. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ jẹ́ irú èyí, kó má tíì fi 50 rẹ̀ ṣeré títí á fi ka àdéhùn náà tán.

Ìyàwó Onílé

Ọ̀gá Àkáǹtì, ẹ ṣeun gan-an. Mo pe báǹkì láàárọ̀ yìí. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní àwọn lè gba àfikún, ṣùgbọ́n bí àwọn ṣe máa ń ṣe é ni pé lẹ́yìn àfikún, àwọn á tún owó oṣù ṣírò, á wá dín kù, ọdún 25 á ṣì wà bó ṣe wà. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Ṣé kí n gbà?

Oníṣirò

Àǹtí, ẹ fara balẹ̀ lórí èyí o.

Tí wọ́n bá ń dín owó oṣù kù tí ẹ̀yin náà sì ń san owó tó dín kù yẹn, ẹ ṣì máa jèrè díẹ̀, torí ojú owó kéré sí i. Ṣùgbọ́n èrè ńlá tí mo kọ lókè, láti inú oṣù 43 tí ẹ kò ní san mọ́ ló ti ń wá. Bí ọdún 25 bá dúró gbagidi, ẹ ti fún wọn ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ ṣá. Ká ní wọ́n kọ̀ láti dín oṣù kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n dín owó oṣù kù, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin má dín tiyín kù. 634.59 ni kí ó máa jáde lóṣooṣù, bí wọ́n tilẹ̀ ní 584 tàbí 580 tàbí 575 ni àwọn fẹ́ gbà. Àfikún yín á máa tóbi sí i fúnra rẹ̀, gbèsè á sì parí ní oṣù kan náà. Àǹfààní tó tún wà nínú rẹ̀ ni pé bí nǹkan bá le lọ́jọ́ kan, owó tí wọ́n lè fi dandan bi yín kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju èyí tí wọ́n fi ń gé oṣù lọ, ṣùgbọ́n ó gba ẹni tí kò ní rí owó tó dín kù kó wá lọ ná an.

Ẹlẹ́nu Ṣọ́bọlọ̀

Ẹni tí kò ní ná an kẹ̀? Èmi ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Kí báǹkì máa yọ ọ́ fúnra wọn kí n tó rí i ló dáa fún irú wa.

Ọmọ Ìdálẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan owó ìtanràn. Níbi tí wọ́n bá ti de èlé mọ́lẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tí kò ní gòkè tí kò sì ní wálẹ̀, báǹkì ti ṣètò owó tirẹ̀ lórí èlé tí ẹ máa san. Bí ẹ bá tètè san púpọ̀, wọ́n á bu ìtanràn lé yín.

Ó yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀. Ní Jámánì, àdéhùn sábà máa ń fàyè gba àfikún tó tó 5% owó tí èèyàn yá lọ́dún, wọ́n ń pè é ní Sondertilgung, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí i pé ó wà nínú ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ọdún 10 bá ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ti fún yín ní gbogbo owó náà, òfin ibẹ̀ gbà kí ẹ san gbogbo rẹ̀ tán láìsí ìtanràn, tí ẹ bá ti sọ fún wọn ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 10% gbèsè tó kù lọ́dún ló wọ́pọ̀ nínú àdéhùn tí wọ́n de èlé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 2014 ti sọ irú ìtanràn yìí di ohun tó ṣọ̀wọ́n. Níbi tó bá tiẹ̀ ti wà, kò lè kọjá ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́.

Fún Ìyàwó Onílé, 50 lóṣooṣù jẹ́ 600 lọ́dún. Tí ààyè bá jẹ́ 5%, 5,000 ni ẹ lè san láìsí wàhálà. Ẹ jìnnà síbẹ̀ pátápátá. Ẹni tó máa kó owó ńlá jọ kó tó dà á lé e lẹ́ẹ̀kan ni ìtanràn máa ń bá pàdé. Kí bàálé yín gbọ́ èyí náà.

Ọkọ Ìyàwó Onílé

Mo ti dé o. Ìyàwó mi ló fi ojú ìwé yìí hàn mí, mo rí i pé ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi. Mi ò sọ pé kí a má san án. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a máa kó 50 yìí jọ sí àkáǹtì wa, kó di 600 lópin ọdún, ká wá san án lẹ́ẹ̀kan. Owó á wà lọ́wọ́ wa títí dìgbà náà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ gan-an?

Oníṣirò

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání lẹ bi, kì í sì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́dún kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 50 lóṣooṣù àti 600 lópin ọdún jẹ́ nǹkan bíi 14. Bẹ́ẹ̀ ni, 14 péré. Tí ẹ bá dá ara yín lójú pé 600 náà á pé lópin ọdún, tí àkáǹtì yẹn sì ń mú èlé díẹ̀ wá, kò sí ohun tó burú nínú ètò yín.

Ṣùgbọ́n ohun tí Àǹtí kọ́kọ́ kọ pé ẹ sọ ni pé kí a kó owó ńlá jọ. Ká ní ẹ kó 50 jọ fún ọdún 10, tí kò mú èlé kankan wá, 6,000 lẹ máa gbé lọ. Tí ẹ bá ti ń san 50 náà lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, gbèsè á ti fi nǹkan bíi 7,764 kéré sí ohun tó yẹ kó jẹ́ lọ́jọ́ kan náà. 1,764 ti gba ọ̀dọ̀ báǹkì lọ nítorí pé owó ń dúró de ẹgbẹ́ rẹ̀. 50 tí ẹ bá san ní oṣù àkọ́kọ́, lópin ọdún 25, ohun tí ó máa ti pa rẹ́ nínú gbèsè jẹ́ nǹkan bíi 174. 50 tí ẹ bá san ní ọdún tó kẹ́yìn, 50 àti ṣẹ́ńjì ni.

Ọkọ Ìyàwó Onílé

Ó ti yé mi. 14 lọ́dún ò lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé mi. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi máa san án lóṣooṣù, mo ti gbà.

Ìyá Ọlọ́dún Mẹ́wàá

Ẹ bá mi dá sí ti èmi náà. Gbèsè tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Ìyàwó Onílé mu, ṣùgbọ́n ọdún 10 ti lọ nínú rẹ̀ kí n tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Oníṣirò

Kò pẹ́ jù, Mà, àmọ́ mi ò ní tàn yín pé bákan náà ni.

Lẹ́yìn ọdún 10 lórí 100,000 yẹn, ẹ ti san ohun tó lé ní 70,000, síbẹ̀ 73,924 ṣì wà lọ́rùn. Kí gbèsè tó já sí ìdajì, ó gba ọdún 16 àti oṣù díẹ̀. Ìyẹn ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi 50 kún un láti ọdún kọkànlá, ẹ máa yọ oṣù 20, èlé tí ẹ kò sì ní san jẹ́ nǹkan bíi 3,800. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní máa rí. Ṣùgbọ́n 3,800 ni, ta ló máa gbé e fún yín lọ́fẹ̀ẹ́?

Àlàájà Kékeré

As-salaamu alaykum. Ìbéèrè kékeré: èmi kò gba ẹ̀yáwó elélé. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ti Ìsìláàmù ni mo ti gba ilé, àwa méjèèjì la ni ín, mò ń ra ìpín wọn díẹ̀díẹ̀, mo sì ń san owó ilé lórí ìpín tó ṣì jẹ́ tiwọn. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ọ̀gá Àkáǹtì

Wa alaykumu salaam, Àlàájà. Ó kàn yín dáadáa. Nínú irú àdéhùn yẹn, àfikún yín ni ìpín tí ẹ rà ṣáájú àkókò. Bí ìpín tiwọn bá kéré, owó ilé tí ẹ ń san lórí rẹ̀ náà á kéré. Ohun tí ẹ máa bi wọ́n ni iye tó kéré jù tí ẹ lè fi ra ìpín lẹ́ẹ̀kan, torí àwọn kan kì í gba kéékèèké lóṣooṣù, àti bóyá wọ́n máa ń tún iye ilé dá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rà. Bí wọ́n bá ń tún un dá, ẹni tó máa san owó ẹni tó wá wo ilé náà gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé.

Má-Jẹ-Gbèsè

Ọ̀nà mìíràn tún wà fún àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ dá owó oṣù sí méjì, ẹ máa san ìdajì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, ìdajì 26 nìyẹn, ìyẹn owó oṣù 13 dípò 12. Kò ní tiẹ̀ hàn lójú yín pé ẹ fi nǹkan kan kún un. Lórí gbèsè Ìyàwó Onílé, oṣù kẹtàlá yẹn tó bíi 49 lóṣooṣù, bákan náà ni pẹ̀lú 50 rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ yín láti bá yín ṣètò rẹ̀. Àwọn mìíràn á gba ìdajì, wọ́n á mú un dání títí ìdajì kejì fi máa dé, wọ́n á tó wá fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń tà fún yín.

Bàbá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, kí ẹ má bàa rò pé alátakò ni mí. Ẹni tí èlé rẹ̀ kò dúró sójú kan, tàbí tí àdéhùn rẹ̀ máa tó parí, kó ronú nípa ọjọ́ tí èlé máa gòkè. Lórí 100,000 fún ọdún 25, owó oṣù ní 5% jẹ́ 584.59. Ní 8%, ó di 771.82. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá fò sókè bẹ́ẹ̀ lójijì, tí kò ní àṣà fífi nǹkan kún un, á sunkún. Ẹni tó ti ń san 634.59 tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, gbèsè tí wọ́n máa ṣírò 8% lé lórí sì ti kéré sí ti ẹnìkejì rẹ̀.

Ìyàwó Onílé

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. A ti kọ̀wé sí báǹkì bí Ọ̀gá Àkáǹtì ṣe wí, wọ́n sì dáhùn pé àwọn á dín iye oṣù kù. 5% ni ààyè tó wà nínú àdéhùn wa. Ìbéèrè kan ló kù: lọ́jọ́ tó bá wá ku oṣù kan tàbí méjì, ṣé kí n kàn san ohun tó bá wà lójú ìwé, kó parí síbẹ̀?

Ọ̀gá Àkáǹtì

Rárá o. Iye tó wà lójú ìwé ìṣirò kì í ṣe iye tí wọ́n fi ń pa gbèsè rẹ́. Èlé ṣì ń gun orí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé náà, owó ìparí àkáǹtì náà sì lè wà. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye ìparí fún yín lórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí iye náà máa dé kó tó yí padà. Ẹ san án ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹ má dá owó tí báǹkì ń yọ fúnra wọn dúró títí ẹ ó fi rí i pé gbèsè ti di òfo, torí oṣù kan tí owó kò bá wọlé lè di àkọsílẹ̀ burúkú sí yín lọ́rùn. Bí wọ́n bá yọ lé e, wọ́n á dá a padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé pé wọ́n ti tú ilé náà sílẹ̀, kí ẹ sì lọ wò ó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ onílé sílẹ̀ bóyá orúkọ báǹkì ti kúrò lórí ìwé ilé yín. Ibòmíràn, báǹkì ló ń ṣe é, ibòmíràn, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Mo mọ àwọn tó san gbèsè tán, tó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ta ilé ni wọ́n tó mọ̀ pé orúkọ báǹkì ṣì wà níbẹ̀.